Láti orí ebè dé ẹnu ẹ̀rọ: bí a ṣe ń mú ewé iṣu wá fún kíka jínóòmù

Ẹ̀yin ọmọ IT, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ máa ń wá sí láàbù wa ní apá Mọ́níyà ni mo ń kọ èyí fún, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa irúgbìn ní yunifásítì, àti àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi ewé iṣu òun ṣe. Ẹ̀rọ ni gbogbo yín máa ń kọ́kọ́ béèrè. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká rí ẹ̀rọ náà." Ẹ ó rí i, ṣùgbọ́n oko la ó kọ́kọ́ lọ. Ohun tí a bá gbé fún ẹ̀rọ ló máa kà. Bí ewé bá ti bàjẹ́ kó tó dé láàbù, kò sí kẹ́míkà tó lè jí i. Bí orúkọ tí ẹ kọ sára rẹ̀ bá sì jẹ́ ti iṣu mìíràn, ẹ̀rọ á kà á dáadáa, ẹ ó sì ti fi owó ńlá ra irọ́.

Jínóòmù ni àpapọ̀ àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ohun ẹlẹ́mìí. Ara DNA, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ni àkọsílẹ̀ náà wà. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, A, C, G àti T, bí wọ́n sì ṣe tò tẹ̀ léra ni à ń kà. Ti bakitéríà E. coli tó wà nínú ìfun wa jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 lẹ́tà. Ti ènìyàn lé ní bílíọ̀nù 3. Ti iṣu funfun, èyí tí àwa fi ń gún iyán, kọ́kọ́ jáde ní 2017 láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ Japan àti ti IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn, níbí ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn: mílíọ̀nù 594 lẹ́tà ni wọ́n rí tò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí inú mi fi ń dùn sí iṣẹ́ ọdún náà. Akọ iṣu wà, abo iṣu wà. Òdòdó la fi ń dá wọn mọ̀, àwọn iṣu kan kì í sì í yọ òdòdó rárá, àwọn mìíràn á jẹ́ kí ẹ dúró títí. Ẹni tó bá fẹ́ da akọ pọ̀ mọ́ abo kó lè bí irú iṣu tuntun kò mọ èwo ni èwo títí òdòdó yóò fi yọ. Iṣẹ́ 2017 yẹn fi hàn pé abo ló ń gbé kúrómósóòmù (ìdì DNA nínú sẹ́ẹ̀lì) Z kan àti W kan, tí akọ ń gbé Z méjì, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lára adìẹ. Láti ìgbà náà, ewé kékeré kan lára iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ti lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Nítorí irú nǹkan báyìí ni mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ewé.

Ní oko

Ẹ kí àgbẹ̀ kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan ebè rẹ̀. "Àroko bọ́dún dé o, bàbá." Lẹ́yìn tó bá ti ṣe àṣẹ, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, ẹ má ṣe fi apá kan pamọ́: pé ewé lẹ fẹ́, pé ẹ ò ní wa iṣu, pé wọ́n á ka ohun tó wà nínú ewé náà, àti pé èsì rẹ̀ lè wà níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Bó bá ní òun ò fẹ́, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Bàbá kan lápá Ìròkò bi mí pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé àwọn tó máa ka iṣu mi yìí ò ní sọ ọ́ di tiwọn?" Ìbéèrè àgbà ni. Mo kọ orúkọ tí wọ́n ń pe iṣu náà, orúkọ abúlé wọn àti ọjọ́ tí a gé e sínú ìwé, mo kà á sí wọn létí, mo sì fún wọn ní ẹ̀dà kan. Ẹnikẹ́ni tó bá lo àkọsílẹ̀ yẹn á rí ibi tí iṣu náà ti wá. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ láàárọ̀, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ lára ewé ṣùgbọ́n tí oòrùn ò tíì mú. Ẹ mú sísọ́ọ̀sì, òwú, sípíríìtì, pẹ́ńsù, àpò bébà kéékèèké, ọ̀rá onísíìpù àti sílíkà, àwọn hóró kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tí wọ́n máa ń dì sínú páálí bàtà tuntun. Ẹ má ṣe gbára lé èyí tó wà nínú páálí bàtà o. Ti láàbù ni kí ẹ lò, tí ó máa ń yí àwọ̀ padà bó bá ti fa omi yó. Ọlọ́sàn-án máa ń di aláwọ̀ ewé, aláró máa ń di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ máa wò ó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Ìtàkùn iṣu kì í dúró síbi tí ẹ fi í sí. Àgbẹ̀ a máa fi ọ̀pá kan gba ìtàkùn ebè méjì tàbí mẹ́ta, àwọn ìtàkùn náà á sì lọ́ mọ́ra wọn títí dé òkè. Ewé tó wà ní iwájú yín gan-an lè jẹ́ ti ebè kejì. Nítorí náà, ẹ má ṣe já ewé láti òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, níbi tí ìtàkùn ti jáde nínú ilẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá dì í mú, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ lé e lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì ju ìtàkùn sílẹ̀ níbi tó ti kọjá lábẹ́ òmíràn. Níbi tí ẹ̀gún wà lára rẹ̀, ẹ rọra. Nígbà tí ọwọ́ yín bá dé orí rẹ̀, ewé tó wà níbẹ̀ ni tirẹ̀. Ó ń gba àkókò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ yìí kan náà lẹ ó fi mọ̀ bóyá iṣu funfun ni lóòótọ́. Bí ìtàkùn bá ní igun mẹ́rin tó yọ bí ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ewùrà ni. Bí ewé bá pín sí mẹ́ta lórí igi ewé kan, ẹ̀súrú ni. Àwọn náà ti ní jínóòmù tiwọn tí wọ́n ti kà, ti ẹ̀súrú ní 2020, ti ewùrà ní 2022, nítorí náà kì í ṣe pé wọn ò wúlò. Àpò tiwọn ni kí ẹ fi wọ́n sí.

Ewé wo ló dára jù? Èyí tó wà lórí ìtàkùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tó ṣì tinrin, tí àwọ̀ rẹ̀ ò tíì ṣú. Sẹ́ẹ̀lì kún inú ewé tútù ju ti ewé tó ti gbó lọ, nítorí náà DNA pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀yọ̀ àti oje tó máa ń di dúdú sì kéré. Ẹ yẹra fún ewé tó ní àpá tàbí ilà funfun ilà àwọ̀ ewé. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa ìyẹn, ẹ ó kàn lọ ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì mọ́ ti iṣu ni. Ẹ fi òwú tó tutù díẹ̀ nu ewé náà kí eruku àti ìgbẹ́ kòkòrò kúrò. Ẹ gé méjì tàbí mẹ́ta. Kí ẹ tó kan ebè tó tẹ̀ lé e, ẹ fi sípíríìtì nu ẹnu sísọ́ọ̀sì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ẹ fi ewé sínú àpò bébà, àpò bébà sínú ọ̀rá tí sílíkà ti wà. Ìwọ̀n sílíkà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n ewé. Lọ́jọ́ kejì, bí ẹ bá fọwọ́ rún etí ewé náà, ó yẹ kó fọ́ wẹ́wẹ́. Bó bá ṣì ń tẹ̀, ẹ pààrọ̀ sílíkà lójú ẹsẹ̀. Kíákíá ni gbígbẹ náà gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí gbàrà tí a bá ti já ewé ni àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ti ń gé DNA sí wẹ́wẹ́, àìsí omi ló sì ń dá wọn dúró. Ẹ má ṣe di ewé tútù sínú ọ̀rá lásán kí ẹ gbé e sínú oòrùn. Á laagùn, á hó, á di dúdú kí ẹ tó dé Ọ̀jọ́ọ̀.

Orúkọ tí ẹ kọ sí i

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́. Sípíríìtì àti òógùn máa ń pa iṣẹ́ bírò àti ti máákà rẹ́. Bébà kan nínú ọ̀rá, àkọlé kan lẹ́yìn rẹ̀, ìkẹta nínú ìwé yín: nọ́ḿbà, orúkọ tí àgbẹ̀ ń pe iṣu náà, abúlé, ìjọba ìbílẹ̀, ọjọ́, ẹni tó gé e, àti ibi tí fóònù yín sọ pé ẹ wà lórí máàpù. Ẹ ya fọ́tò ebè náà pẹ̀lú àkọlé rẹ̀ lórí. Orúkọ tí bàbá pè é gan-an ni kí ẹ kọ, kódà bí ẹ bá rò pé ẹ mọ orúkọ mìíràn fún un. Iṣu kan lè ní orúkọ mẹ́ta láti Ṣakí dé Ìbàdàn, orúkọ kan sì lè wà lórí iṣu mẹ́ta tí kò bára tan. Ara ohun tí à ń ka jínóòmù fún nìyẹn. Ẹni tó bá ti tún orúkọ ṣe ní oko ti dáhùn ìbéèrè kí a tó bi í.

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wà nílùú wa, inú mi sì máa ń bàjẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ò gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 2002 ni iṣẹ́ àgbáyé kan bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HapMap, láti mọ ibi tí àbùdá ènìyàn kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ènìyàn 270 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti ìlú mélòó kan láyé. 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá ní Ìbàdàn níbí: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ. Wọ́n bá àwọn ará àdúgbò jíròrò kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lo àkọsílẹ̀ náà, wọ́n ní kó kọ ọ́ pé Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà, kó má ṣe kàn kọ "ará Áfíríkà". YRI ni ìkékúrú rẹ̀, kò sì sí ilé ìwádìí jínóòmù tó lórúkọ láyé tí kò mọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Nígbà tó di 2008, wọ́n ka odindi jínóòmù ọkùnrin kan nínú wọn. Nọ́ḿbà nìkan ni wọ́n fi ń pè é, NA18507. Orúkọ rẹ̀ wà ní ìpamọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìlú rẹ̀ àti ẹ̀yà rẹ̀ ò sọnù. Ẹni tó kọ àkọlé yẹn lọ́jọ́ kìíní ṣe iṣẹ́ tó pẹ́ ju ti ẹ̀rọ lọ, torí pé ẹ̀rọ 2008 ti di ògbólógbòó.

Nínú láàbù

Ewé tó gbẹ dáadáa ò bẹ̀rù takisí Máíkírà tó gbóná, kò sì bẹ̀rù àìsí iná. Èyí ni mo fi fẹ́ràn sílíkà ju yìnyín lọ ní ìlú tí iná lè lọ láàárọ̀ kó má dé mọ́ títí dalẹ́. Ẹ kàn tọ́jú rẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn.

Ẹ wọn mílígíráàmù 20 sí 50 nínú ewé gbígbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí a jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Iṣu ní ọ̀yọ̀ púpọ̀, ọ̀tá wa àgbà sì ni. Bí ẹ bá jẹ́ kó bá DNA dé ìparí, ẹ̀rọ ò ní lè kà á. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi bọ́fà (omi kẹ́míkà tí a pò) tó ní sọ́bítọ́ọ̀lì fọ ìyẹ̀fun náà, ẹ yí i nínú sẹ́ńtírífúùjì, ẹ̀rọ tó ń fi eré yí tíúùbù, ẹ da omi òkè nù, kí ẹ tún un ṣe títí omi náà ò fi ní yọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni bọ́fà CTAB, ní 65°C, fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, kí ẹ máa rọra dorí tíúùbù kodò lóòrèkóòrè. Ẹ mọ iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbẹ̀, kí ẹ má kàn máa bu kẹ́míkà. CTAB ló ń tú awọ sẹ́ẹ̀lì. Iyọ̀ tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń mú kí ọ̀yọ̀ dúró nínú omi kó má bá DNA jáde. PVP ló ń di oje tó máa ń sọ ewé di dúdú mú. EDTA ń gba maginísíọ̀mù lọ́wọ́ àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA, wọn ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Mẹ́káputo-ẹ́tánọ́ọ̀lì tí ẹ ó kán sí i ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, májèlé sì ni. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nìkan ni kí ẹ ti ṣí i.

Ẹ fi kulorofọ́ọ̀mù sí i, ẹ pò ó, ẹ yí i nínú sẹ́ńtírífúùjì. Ó máa pín sí ipele mẹ́ta. Omi tó mọ́ lókè ni DNA wà. Awọ funfun tó dúró láàárín ni àwọn purotéènì. Kulorofọ́ọ̀mù tó ti gba àwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀. Òkè nìkan ni kí ẹ fà. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè awọ náà, ẹ má ṣe ojúkòkòrò. Ìwọ̀nba tó kẹ́yìn yẹn ló ń ba gbogbo èyí tó ṣáájú jẹ́.

Ẹ wá da ísópúrópánọ́ọ̀lì tó tutù sí i, kí ẹ sì rọra yí tíúùbù náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìgbà tí mo máa ń pe àwọn ọmọ IT súnmọ́ nìyí. Bí iṣẹ́ bá dára, ẹ ó rí òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń so pọ̀ láàárín omi, tó ń yí po bí ẹ ti ń yí ọwọ́. DNA nìyẹn, ojú lásán lẹ fi rí i. Bó bá jẹ́ pé ohun tó jáde ń fà tó sì ń yọ̀, ọ̀yọ̀ ṣì wà níbẹ̀: ẹ tú u padà sínú omi, ẹ fi iyọ̀ kún un dáadáa, kí ẹ sì fi ẹ́tánọ́ọ̀lì gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Iyọ̀ á dá ọ̀yọ̀ dúró, DNA á jáde. Ẹ fi ẹ́tánọ́ọ̀lì 70% fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ níwọ̀nba, ẹ tú u sínú bọ́fà TE, kí ẹ sì fi RNase, ẹ́ńsáìmù tó ń gé RNA, sí i ní 37°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí RNA, ìbátan DNA tí a ò fẹ́ níbẹ̀, lè kúrò.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò pẹ́. Lórí jẹ́ẹ̀lì 1%, tí iná mànàmáná ń fa DNA gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ fẹ́ ìlà kan ṣoṣo tó mọ́, tó dúró lókè. Bó bá fà lọ sísàlẹ̀ bí èéfín, ó ti já wẹ́wẹ́. Lórí NanoDrop, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn DNA, 260/280 (ìfiwéra bó ṣe ń fa oríṣi ìmọ́lẹ̀ méjì mọ́ra) yẹ kó wà ní nǹkan bíi 1.8, 260/230 kó wà ní 2.0 tàbí kó lé díẹ̀. Ti iṣu, 260/230 ni kí ẹ máa ṣọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀yọ̀ ti ń fara hàn. Iye DNA gan-an, Qubit, ẹ̀rọ tó ń wọn DNA nìkan, ni kí ẹ gbà gbọ́, nítorí NanoDrop a máa ka RNA mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ wàyí

Kò sí ẹ̀rọ tó ń ka jínóòmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan. Ègé-ègé ni gbogbo wọn ń kà, kọ̀ǹpútà ló ń wá ibi tí ègé kan ti jọra pẹ̀lú òmíràn kó tó tò wọ́n. Illumina ń ka ègé kúkúrú, nǹkan bíi lẹ́tà 150 láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe rẹ̀ sì kéré. PacBio ń ka ègé tó tó ẹgbẹ̀rún 15 sí 20. Nanopore lè ka èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, MinION rẹ̀ kò sì ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbé lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n ń so ó mọ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá iṣu bàbá Ìròkò àti ti ìyá kan ní Ìsẹ́yìn jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ ò nílò odindi jínóòmù. Àwọn ibi díẹ̀ tí iṣu ti máa ń yàtọ̀ síra ni kí ẹ kà, owó rẹ̀ kéré púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi irú kan wé jínóòmù tó ti wà nílẹ̀, ègé kúkúrú tó. Ègé gígùn ni kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá fún iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ìdí ni pé ẹ̀dà méjì tó wà nínú wọn, ti bàbá àti ti ìyá, yàtọ̀ síra gan-an, ègé kúkúrú sì ń dà wọ́n pọ̀. Fún ìdí kan náà ni àwọn tó kọ́kọ́ to jínóòmù ẹ̀gẹ́ fi mú AM560-2 láti Kòlóńbíà, tí wọ́n ti da òdòdó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ fún ìran mélòó kan títí ẹ̀dà méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu.

Ìṣirò owó rèé. A máa ń fẹ́ kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di kíkà tó ìgbà 30, kí àṣìṣe kan má bàa tàn wá jẹ. Mílíọ̀nù 600 nígbà 30 jẹ́ bílíọ̀nù 18 lẹ́tà. Iye yìí ni kí ẹ gbé lọ bá ilé iṣẹ́ tó máa kà á, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ béèrè bákan náà pé kí wọ́n fi èsì yíyẹ̀wò tiwọn ránṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan gba DNA lọ́wọ́ wa rí, tí wọ́n kà á láìsọ fún wa pé ó ti já lójú ọ̀nà. Owó náà lọ.

Fáìlì FASTQ ni èsì máa ń jẹ́. Ìlà mẹ́rin-mẹ́rin ni: orúkọ ègé, lẹ́tà rẹ̀, àmì àfikún kan, àti ìdánilójú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Q30 túmọ̀ sí pé àṣìṣe kan lè wà nínú lẹ́tà 1,000. Ẹ má ṣe fi dátà fóònù gbà á wálẹ̀. Ẹ fi md5, nọ́ḿbà ìṣàyẹ̀wò fáìlì, yẹ̀ ẹ́ wò pé ó dé pé pérépéré, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà méjì sí ibi méjì.

Ibi ìpamọ́ gbogboogbò bíi NCBI ló kù. Kí wọ́n tó gba fáìlì yín, wọ́n á ní kí ẹ kún fọ́ọ̀mù BioSample: irú ohun ọ̀gbìn wo ni, níbo lẹ ti mú un, lọ́jọ́ wo, ta ló mú un, apá wo lára rẹ̀. Ìwé oko tí ẹ fi pẹ́ńsù kọ lẹ ó dà kọ síbẹ̀. Ní àyè ibi tó ti wá, ẹ má ṣe fi í mọ sí "Nigeria"; ẹ kọ ọ́ dé Oyo State, dé Akinyele, dé orúkọ abúlé bí bàbá bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi orúkọ tí wọ́n ń pe iṣu náà sí i pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ewé tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀rá, ẹ pààrọ̀ sílíkà rẹ̀, ẹ kọ nọ́ḿbà tí NCBI fún yín sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà, kí ẹ tó dá a padà sínú àpótí.